Bí Awakọ̀ Bàálù Bá Ní Òun Ò Lọ, Ẹ Jẹ́ Ká Gbọ́ Tẹnu Rẹ̀

Àwa ọmọ Yorùbá tí à ń gbé ní Kano, Kaduna, Maiduguri, Sokoto, Port Harcourt àti àwọn ìlú míì tó jìnnà sílé, bàálù kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ fún wa mọ́. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà Abuja sí Kaduna di ọ̀nà ẹ̀rù. A sá wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn agbébọn tún dá a lọ́nà ní March 28, 2022, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n kó àwọn míì wọgbó. Nítorí náà, ẹni tí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó gan-an á ṣa owó tíkẹ́ẹ̀tì jọ kó tó lè lọ sìnkú bàbá rẹ̀ nílé. Ìdí nìyí tí ìjà tó ń wáyé láàárín àwọn awakọ̀ bàálù, àwọn ẹnjiníà àti àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ bàálù fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Bí ìjà náà bá dé, ohun tí àwa èrò máa ń rí ò ju pé ọkọ̀ ò gbéra. Inú á bí wa, a ó máa ṣépè. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ á ní owó làwọn òṣìṣẹ́ ń wá, pé ọ̀rọ̀ ààbò ni wọ́n fi ń bojú. Ẹgbẹ́ NAAPE, tó jẹ́ ti àwọn awakọ̀ bàálù àti ẹnjiníà, á ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójú tiwa o, ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ọ̀rọ̀ àtúnṣe bàálù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá tún bàálù ṣe, kò gbọdọ̀ gbéra àfi tí ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ bá bu ọwọ́ lùwé pé ó yẹ ní fífò. Awakọ̀ tó bá rí àléébù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀. Kì í ṣe gbogbo àléébù ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ìwé kan wà tó to àwọn nǹkan tó lè bàjẹ́ tí bàálù ṣì lè fò, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tún un ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ kí ọkọ̀ lọ, torí ọkọ̀ tó jókòó ò lè pawó. Ẹnjiníà ní ó di ìgbà tí ẹ̀yà tuntun bá dé. Awakọ̀ ló sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: tó bá ní òun ò lọ, kò lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù méje á ṣe kojú ọ̀gá rẹ̀ pé rárá? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó náà ló tún lè lé e kúrò níṣẹ́ lọ́la.

A ò sọ ọ́ lásán. Ní December 20, 2016, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ń múra Kérésìmesì, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Arik pa. Wọ́n ní owó oṣù méje ni wọ́n jẹ òṣìṣẹ́, àti pé ilé-iṣẹ́ náà ò fẹ́ kí wọ́n ṣe ẹgbẹ́. Àwọn èrò há sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, ní February 2017, àjọ AMCON ti ìjọba àpapọ̀ gba àkóso Arik. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Nínú bàálù 30, mẹ́sàn-án péré ló ń fò. Nínú àwọn 21 tó kù, àwọn kan wà nílẹ̀, àwọn míì wà lẹ́nu àtúnṣe ńlá. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ibi tí owó oṣù ò ti jáde, ibẹ̀ náà ni owó àtúnṣe ti há. Tí òṣìṣẹ́ bá ń pariwo ebi, ó yẹ kí èrò béèrè nípa táyà àti ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí àtúnṣe tó mẹ́hẹ lè fà, ojú wa ti rí i. June 3, 2012, bàálù Dana tó ń bọ̀ láti Abuja já lulẹ̀ ní Iju-Ishaga l'Ékòó. Gbogbo àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, ó sì pa àwọn míì nílẹ̀. Nígbà tí àbájáde ìwádìí jáde ní 2017, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló kọṣẹ́, àti pé páìpù tó ń gbé epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì ti ṣẹ́. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà sì ti gbani nímọ̀ràn ṣáájú pé kí wọ́n pààrọ̀ irú páìpù bẹ́ẹ̀. Ìwádìí náà bá àwọn awakọ̀ wí pẹ̀lú: wọ́n rí i pé nǹkan ń ṣe ọkọ̀, síbẹ̀ wọn ò yà sí pápá tó sún mọ́ wọn jù. Ẹ̀yin ará Kano náà ò tíì gbàgbé January 28, 2025, tí ẹsẹ̀ iwájú bàálù Max Air kọṣẹ́ nígbà tó ń balẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọlọ́run yọ wọ́n.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ bàálù náà ní ẹjọ́ tiwọn. Láàárín ọdún kan ààbọ̀ sí méjì ni bàálù máa ń lọ fún àtúnṣe ńlá tí wọ́n ń pè ní C-check, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lọ, dọ́là ni wọ́n sì ń san. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023 ti lé ní 1,500 láàárín ọdún 2024. Aero Contractors bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àtúnṣe yìí fún Boeing 737 l'Ékòó ní 2017, ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo ò lè tó gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìnira yẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ẹni tí ò lówó táyà, kó gbé mọ́tò sílẹ̀. Kó má gbé èrò.

Kí ni ìjọba wá ṣe? Òfin ìrìnnà òfuurufú ti 2022 sọ iṣẹ́ náà di iṣẹ́ kòṣeémàánì, ó sì fún mínísítà lágbára láti fòfin de ìyanṣẹ́lódì. Ìyẹn ò dí wọn lọ́wọ́: ní April 2023, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà ṣì ṣe ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ lórí owó àti àdéhùn iṣẹ́. A mọ ìyà tí ìyanṣẹ́lódì ń fi jẹ èrò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gba ìyanṣẹ́lódì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní ọ̀nà míì tó lè gbà sọ òótọ́ láìpàdánù iṣẹ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni wọ́n pa ẹnu ajá tó ń gbó olè mọ́.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà lẹ́jọ́ o. Tí wọ́n bá dúró di ìgbà tí owó bá kan wọ́n kí wọ́n tó rántí pé ọkọ̀ ò dára, ta ló máa gbà wọ́n gbọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bá rí àléébù ni kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé e dé iwájú àjọ NCAA.

Àwa èrò náà níṣẹ́ láti ṣe. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú kí a máa lu òṣìṣẹ́ torí pé awakọ̀ ní òun ò gbé ọkọ̀ tó lábùkù. Ẹ̀tọ́ wa wà lábẹ́ òfin: ìpápánu, owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, ilé ìtura bí ìdádúró bá wọ òru. Ọ́fíìsì NCAA tó ń gba ẹjọ́ èrò wà ní àwọn pápá ọkọ̀ òfuurufú, ẹ lò ó. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa kọ̀wé ní orúkọ ẹgbẹ́, torí ohùn ẹgbẹ́ máa ń dún ju ti ẹnìkan lọ. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ NCAA bóyá ilé-iṣẹ́ tó ń ná ìlú wọn ń san owó oṣù déédéé.

Àwọn ará ilé tó ń retí wa ò ní bínú pé a pẹ́ dé. Ojú wa ni wọ́n fẹ́ rí.