Kí Dádì Tó Ta Ilẹ̀ Nítorí Bàálù

Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ di awakọ̀ bàálù, Dádì sì ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ni wọ́n yàn, torí owó rẹ̀ kò pọ̀. Èmi ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Wákàtí mélòó lowó yẹn kárí? Òfin àgbáyé béèrè wákàtí 200 nínú òfurufú fún ìwé àṣẹ awakọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, tàbí 150 lábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí. Bí owó wọn bá kárí 100 péré, gbèsè ló kù. Bó bá padà wálé, NCAA tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà. Ìyẹn náà lówó nínú. Zaria àti Ìlọrin ní ilé ẹ̀kọ́ bàálù. Ẹ ṣírò gbogbo ìnáwó kí ẹ tó fi wọ́n wéra.

Kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ìlera Class 1. Bí kò bá yege, ilẹ̀ ṣì wà. Bó bá yege, ká máa sanwó díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fò.

Àbúrò mi ní kí lèmi tí mò ń ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ nípa bàálù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ilẹ̀ Dádì kò ju ẹyọ kan lọ.