Àlùwàlá Kò Bèèrè Epo Bẹntiróò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fẹ́ràn àwọn tó ń wẹ ara wọn mọ́. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Lóòótọ́, ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀tì-Ọ̀sà láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n sì tún mú un le sí i ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022. Síbẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀kadà kò tán ládùúgbò wa. Àwọn dìsípáàṣì tó ń gbé oúnjẹ àti ẹrù láti Lẹ́kí dé Ajah àti Sangotedo kò sinmi láti àárọ̀ di alẹ́. Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí kò sì sí lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí òfin ọdún 2022 náà kọ́kọ́ kàn. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ṣì pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló sì ń kírun pẹ̀lú wa.

Bí wọ́n bá ti pe ìrun Àílà, ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń ṣe. Wọ́n á fa epo bẹntiróò díẹ̀ sínú agolo, wọ́n á fi bọ ọwọ́ dé ìgúnpá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bu omi ṣe àlùwàlá. Èrò wọn dára. Wọ́n ti kọ́ wọn pé gírísì kì í jẹ́ kí omi kan ara, wọn kò sì fẹ́ kí ìrun wọn bàjẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni mo ta kò.

Epo bẹntiróò kì í ṣe ọṣẹ. Ó máa ń gbẹ òróró ara dànù títí awọ yóò fi máa sán, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń gba ara awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní benzene. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti fi í sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, pàápàá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ń fi epo wẹ ọwọ́ ní Àílà, Àlàásárì àti Màgàríbì, mélòó ni yóò ti wẹ̀ kó tó pé ọgbọ̀n ọdún?

Àwọn kan á ní, "Ọ̀gá tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kò sí ohun tó ṣe é." Ẹni tí kò ṣe ni a ń rí ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ti ṣe ti lọ sílé, kò padà wá ròyìn fún wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ibẹ̀ gan-an kò le tó bí a ṣe rò ó. Ohun tí àwọn onímímọ̀ kọ́ wa ni pé ohun tó nípọn lára, tó sì dí omi lọ́wọ́, bíi gírísì, ọ̀dà tàbí àtè, gbọ́dọ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n àwọ̀ lásán kì í dí omi lọ́wọ́. Ṣebí àwọn obìnrin wa tó lé láàlì ń ṣe àlùwàlá, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n bó awọ ọwọ́ wọn. Bí gírísì bá ti kúrò, tó ku dúdú díẹ̀ lẹ́bàá èékánná, kò sí ìdí láti fi epo lé e. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó bi ìmáàmù rẹ̀ léèrè.

Ohun tí yóò yọ gírísì náà kò jìnnà. Kí ọmọ iṣẹ́ fi òróró ìsebẹ̀ díẹ̀ àti ṣúgà tàbí iyọ̀ ra ọwọ́ dáadáa, kó fi àkísà nù ún, kó tó wá fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Òróró ló ń tú ọ̀rá, ọṣẹ ló ń gbé e lọ. Bó bá ti fi òrí tàbí vaseline pa ọwọ́ láàárọ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́, tàbí tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wàhálà náà á tún dín kù.

Ọ̀rọ̀ omi àlùwàlá fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Ilẹ̀ wa yìí, iyanrìn ni, ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun. Kò pẹ́ tí a bá gbẹ́ ẹ tí a ó fi kan omi. Ọ̀pọ̀ ilé àti mọ́sálásí wa ló ń mu omi kànga tàbí omi borehole. Ọ̀kadà kan máa ń gba nǹkan bíi lítà kan ọ́ìlì. Mẹkáníìkì tó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọ̀kadà márùn-ún lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́fà, yóò ní ọgbọ̀n lítà ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lọ́sẹ̀ kan. Bó bá dà á sí gọ́tà tàbí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, iyanrìn kò ní dá a dúró. Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó da ọ́ìlì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, inú kànga ni yóò ti pàdé rẹ̀. A kò lè ṣe àlùwàlá mímọ́ níwájú, ká máa ba omi aládùúgbò jẹ́ lẹ́yìn. Ẹ̀sìn wa kò fàyè gba kí á ni ẹlòmíràn lára.

Mo tún bẹ̀ yín lórí àṣà mẹ́ta mìíràn. Àkọ́kọ́, ẹ má fi ẹnu fa epo mọ́. Bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì jẹ́ kó bì í, nítorí èébì lè gbé epo náà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 tàbí 767. Èkejì, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù tó pa dé. Èéfín rẹ̀ ní olóró tí imú kò lè gbóòórùn. Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku bíréèkì. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹ̀bi náà kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Ìwọ tó ni ọ̀kadà náà ní ìpín tìrẹ. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ń jẹ ṣéènì àti wáyà bíréèkì, iyanrìn ń lọ̀ wọ́n, ìwọ kò sì wò wọ́n títí ọ̀kadà fi kú sójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà lo wá dúró ti ọmọ iṣẹ́ lórí, "Ṣe é kíá, ẹrù ń dúró dè mí!" Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì gbígbóná, tó ń fi ìka sí ṣéènì tó ń yí. Máa wo táyà, bíréèkì, ọ́ìlì àti ṣéènì láràárọ̀ kí o tó jáde. Bí o bá gba inú omíyalé kọjá, yẹ ọ́ìlì wò. Bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, má tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, sì san owó tó tó ra ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́.

Àwa ìjọ náà ńkọ́? Èmi rò pé kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì gbé ọṣẹ àti òróró sí ibi àlùwàlá, kí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì sì dáwó jọ ra dúrọ́ọ̀mù kan tó ní ìdérí fún ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, kí wọ́n bi LASEPA léèrè ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá kó o. Owó rẹ̀ kò tó owó àpèjẹ kan tí a ń ṣe. Mímú ìnira kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni mímú májèlé kúrò lọ́wọ́ ọmọ wa.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ halááàlì, kó sì dá ẹ̀mí wa sí nínú àlàáfíà. Àmín.