Ta Ni Yóò Dúró Ti Ẹja Náà Bí A Bá Lọ Ọlidé?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ní ìpàdé tó kọjá, gbogbo yín lẹ pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní ká dáwó ra goldfish sínú kòtò omi iwájú gbọ̀ngàn. Èmi nìkan ni mi ò nawọ́ sókè. Kì í ṣe ahun ló ń ṣe mí o! Mo ti sìn ín rí nílé wa ní Kàdúná ni.

Kí ẹja yìí bímọ kò ṣòro. Bí akọ bá ti ṣetán, ẹ óò rí nǹkan funfun wínníwínní bí iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, á wá máa lé abo kiri. Mo ju ojú oró sómi, abo sì yé ẹyin rẹpẹtẹ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí bí wọ́n bá yé ẹyin tán, àwọn fúnra wọn náà ló máa ń jẹ ẹ́! Kíá ni mo kó ojú oró náà sínú báàfù mìíràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọmọ jáde, wọ́n tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, wọ́n sì dúdú. Àbúrò mi ní wọ́n rẹ́ mi jẹ. Kò mọ̀ pé ó ń tó oṣù mélòó kan kí àwọ̀ wúrà tó yọ.

Wọn ò tíì yọ wúrà tí ọlidé fi parí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún un. Ọmọ yẹn fẹ́ràn wọn jù: oúnjẹ láàárọ̀, oúnjẹ lọ́sàn-án, oúnjẹ lálẹ́. Èyí tí wọn ò jẹ tán rà sómi, omi sì di májèlé. Nígbà tó rí i pé omi ti dọ̀tí, ó dà á nù, ó sì bu omi ẹ̀rọ sí i lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí omi ẹ̀rọ ti sùn mọ́jú nínú ike, kí kẹ́míkà tí wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀ lè fẹ́ lọ. Èmi ni mi ò sọ fún un. Nígbà tí mo padà délé, aṣọ ni màmá mi ń rẹ sínú báàfù náà.

Ẹ ní bàbá màígádì á máa bọ́ wọn. Ṣé ẹ ti bi wọ́n?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tí ilé wọn ò jìnnà síbí. Bí mẹ́ta bá pé, ẹ wá gba owó tèmi.