Fèrè Ọdẹ àti Bẹ́líìtì Oníná: Ọ̀rọ̀ Ajá Títọ́ ní Ìgbẹ́tì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi òwe yìí bá ọmọ aláìgbọràn wí ni kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ohun tí fèrè náà wà fún gan-an. Ní Ìgbẹ́tì, ní ẹsẹ̀ Òkè Ìyámọ̀pó, títí dé Kìṣí àti Ìgbòho, fèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òun ni okùn tí a kò fojú rí, tó so ọdẹ pọ̀ mọ́ ajá rẹ̀ nínú ọ̀dàn tí koríko rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Irinṣẹ́ kan ti wá wà láyé báyìí, tí àwọn tó ń tà á sọ pé ó lè rọ́pò okùn náà.

Irinṣẹ́ ọ̀hún ni bẹ́líìtì ọrùn oníná. Àpótí kékeré kan tó ní bátìrì nínú wà lára rẹ̀, irin ṣóńṣó méjì sì yọ láti inú àpótí yìí tí wọ́n fara kan awọ ọrùn ajá. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ olájá. Bí ajá bá kọ etí ikún sí ìpè, olájá a tẹ bọ́tìnnì, iná a sì gbé ajá náà lọ́rùn, ì báà jìnnà sí i. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lò ó fún ajá ọdẹ, láàárín ọdún 1960 sí 1980, kó tó di ohun tí àwọn ará ìlú ńlá ń so mọ́ ajá ilé lọ́rùn. Lónìí, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá sì ti dé Ìbàdàn kì í pẹ́ dé Òkè-Ògùn.

Kí a tó gbà á wọlé, ó yẹ kí a rántí bí àwọn ọdẹ ti ń tọ́ ajá. Orúkọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ajá nílẹ̀ Yorùbá sábà máa ń jẹ́ òwe tí olájá fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Bí baba kan bá ń kígbe Tanímọ̀la kiri àdúgbò ní òwúrọ̀, kì í ṣe ajá nìkan ni ó ń pè, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì kàn mọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn orúkọ ni fèrè. Ọdẹ tó mọṣẹ́ a fọn fèrè kó tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ajá yóò fi mọ̀ pé ohùn yìí kì í mú ohun búburú wá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí iná bá ti jó ọ̀dàn, a ó jẹ́ kí ọmọ ajá tẹ̀lé ajá àgbà lọ sídìí ihò òkété àti ibùba ọ̀yà. Ajá àgbà ni olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa ẹran, ọdẹ kò ní gbàgbé ìpín ajá, nítorí ajá tí kò rí nǹkan jẹ nínú ohun tó lé kò ní sáré bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí àwọn àgbà wí pé ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ní í pa ọ̀bọ, ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n sọ.

Ibi tí bẹ́líìtì oníná ti kùnà gan-an nìyí. Ajá kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ olájá ni iná ti wá. Ohun tí ojú rẹ̀ bá wà lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà ni ó lè dá lẹ́bi. Bí ó bá ń wo ọmọdé tó ń kọjá lọ nígbà tí iná gbé e, ó lè gbà pé ọmọ náà ló ṣe é lọ́ṣẹ́. Ajá tí ìbẹ̀rù ọmọdé bá ti wọ̀ lára kò ní pẹ́ bu ọmọdé jẹ. Ní ilẹ̀ tí dìgbòlugi ṣì ń pa ènìyàn, tó jẹ́ pé ẹni tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìyè mọ́, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Àwọn tó fẹ́ràn bẹ́líìtì náà ní àwíjàre tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ajá tó ń pa ewúrẹ́ onílé-onílé, ẹjọ́ ní í fà. Kí iná gbé e lẹ́ẹ̀kan sàn ju kí wọ́n yìnbọn pa á. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Lincoln nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tẹ àbọ̀ jáde ní ọdún 2014. Ajá 63 ni wọ́n lò, tí púpọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ ìpè tàbí tí wọ́n ń lé ẹran ọ̀sìn. Wọ́n fi bẹ́líìtì oníná kọ́ àwọn kan, wọ́n sì kọ́ àwọn yòókù láìlo iná. Àwọn tí iná gbé kò gbọ́ràn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ara wọn ló kàn ń le gbagidi nígbà ẹ̀kọ́. Ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Jámánì ti ka lílo rẹ̀ léèwọ̀ ní ọdún 2006, ìjọba Wales sì fi òfin dè é ní ọdún 2010.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé àwọn tó ń fi ajá bọ Ògún ló wá ń ṣàánú ọrùn ajá? Ìbéèrè náà le, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín bò ó. Ẹbọ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdẹ tó ń bọ Ògún kò sọ pé ìrora ni ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó lè wí pé àṣà àtijọ́ mọ́ tónítóní. Àwọn olájá kan wà tó jẹ́ pé kùmọ̀ ni fèrè wọn. Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ìhà gúúsù Nàìjíríà jogún kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti na ẹranko ní ìnà ìkà tàbí láti jẹ ẹ́ níyà láìnídìí. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn náírà 50. Náírà 50! Owó yẹn kò ra ẹyin adìẹ kan lónìí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìgbẹ́tì ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé àti igbó ọba tó yí i ká kò jìnnà sí i. Láti ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ nínú rẹ̀. Ajá kò mọ ààlà. Ẹran tó ń lé lè sá wọ inú ọgbà, òun náà a sì tẹ̀ lé e. Bátìrì lè kú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná tí a ó fi gba agbára sí i kì í sì í ṣe ohun tí ọdẹ ń rí nínú ọ̀dàn. Fèrè kò nílò bátìrì, bí ajá bá sáà ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Àwọn ọdẹ àgbà tó mọ bí a ṣe ń fọn ọ́n ṣì wà láyé. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Ìgbẹ́tì lè pè wọ́n wá sí kíláàsì, fèrè lọ́wọ́, ajá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ tó ń kọ òwe náà sínú ìwé ìdánwò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti ọ̀dọ́ tó ti ń tọ́jú owó láti ra bẹ́líìtì, ó yẹ kó kọ́kọ́ mú ajá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kó sì máa tún un gún bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀.