Ọtí Inú Ọ̀rá àti Àwa Àgbà

Àwọn kan ń bẹ láàárín wa tí wọ́n gbàgbọ́ pé, bí a bá ti kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí wọ́n gbé àsíá la Ajégúnlẹ̀ kọjá dé Kétu, tí a sì wàásù fún wọn pé igbó àti ọtí a máa ba ayé ẹni jẹ́, iṣẹ́ wa parí. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni ń tà á fún wọn? Ta ni ó fi ṣọ́ọ̀bù háyà fún ẹni tí ń tà á? Kì í ṣe ọmọdé.

Ẹ wo ibùdókọ̀ Mile 12 ní kùtùkùtù: paraga nínú ìgò, àti ọtí líle nínú ọ̀rá tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí owó oúnjẹ ọ̀sán ọmọdé tó rà. Ọ̀rá náà ṣeé fi pamọ́ sínú àpò aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ kì yóò sì rí i. Nítorí náà ni NAFDAC ṣe kọ̀ ní January 2022 láti tún forúkọ irú ọtí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní titun, tí wọ́n sì dè é ní February 2024. Àwọn oníléeṣẹ́ ké pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. A sì sún un sí ìparí ọdún 2025.

Èsì àtijọ́ nìyí. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell kígbe lòdì sí jíìnì àwọn òyìnbó, owó ibodè ni wọ́n fi dá a lóhùn, ìgbìmọ̀ ìwádìí ọdún 1909 kò sì gbè é. Lónìí ńkọ́? Ìwádìí tí UNODC tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé, nínú 100 ènìyàn ní Èkó, láti ẹni ọdún 15 dé 64, nǹkan bí 33 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. A kò tilẹ̀ ka ọtí mọ́ ọn.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí bàbá ń rán lọ ra ọtí mọ iye rẹ̀ kí ó tó mọ Kátíkísìmù. Bí a bá sì sin òkú tán, ará ìjọ kan náà tí ó ṣe "Àmín" sí ìwàásù wa ni yóò kọ́kọ́ ṣí ìgò. (Àwa kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà ṣe àwọn ìyá ìjọ.)

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ onílé má ṣe fi ṣọ́ọ̀bù tí ó dojú kọ ilé-ẹ̀kọ́ háyà fún ọlọ́tí mọ́. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ kọ ọtí níbi àsè tí a bá ṣe nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, bí olówó tilẹ̀ bínú. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè kó àsíá fún àwọn ọmọ.