Kọ́kọ́rọ́ Ilé Lọ́wọ́ Ọ̀dàlẹ̀

Ẹ̀yin onídàájọ́, olùjẹ́jọ́ tó wà níwájú yín lónìí kì í ṣe èèyàn. Áàpù ni. ES File Explorer lorúkọ rẹ̀, ES ni gbogbo wa ń pè é, ó sì ní àwọn ẹbí tí a ó pè jáde bí ẹjọ́ bá ṣe ń lọ. Iṣẹ́ tí a gbà á fún kò le: kó fi ohun tó wà nínú fóònù hàn wá, kó gbé fáìlì láti orí fóònù sórí mẹ́mórì káàdì, kó pa èyí tí a kò fẹ́ mọ́ rẹ́. Kó tó lè ṣe é, ó ní ká kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá fún òun. A kó o fún un.

Ẹ wo ohun tó wà nínú àwọn yàrá náà. Ẹ mú ìyá kan tó ń tajà ní Zanguéra, létí títì tó ti Lomé lọ sí Kpalimé ní Tógò. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Fọ́tò ìwé tí wọ́n kọ fún un nígbà tó ra ìdajì lótì ilẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù kí òjò má ba ojúlówó rẹ̀ jẹ́. Orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, tó fi ohùn ara rẹ̀ gbà sílẹ̀ torí pé kì í kọ̀wé, wà níbẹ̀. Fídíò ìsìnkú bàbá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Gbogbo èyí lẹ máa rántí bí mo bá ń ka ẹ̀sùn.

Ẹ̀sùn kìíní: ó fi iṣẹ́ tí a gbà á fún sílẹ̀, ó di alápolówó. Ní 2016, àwọn èèyàn gba ẹ̀dà tuntun rẹ̀, wọ́n ki fóònù bọ iná, ojú fóònù sì yí padà. Ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè yọ síbẹ̀, ó ń ṣèlérí pé bátìrì yóò tètè kún, ìpolówó ọjà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ló kan áàpù tó ń to fáìlì nínú iná? Ṣájà, okùn rẹ̀ àti fóònù fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bí bátìrì ṣe ń yára kún. Áàpù kankan kò lè fa iná jáde lára ògiri. Irọ́ ni ìlérí náà, mẹ́gà onímẹ́gà, ìyẹn dátà tí a fi owó wa rà, ni wọ́n sì fi ń gbé ìpolówó rẹ̀ wọlé. A gbà á sílé kó tún yàrá ṣe, ó gba iwájú ilé, ó fi yá ọlọ́jà.

Ẹ̀sùn kejì ló wúwo jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ kà á. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2019, Baptiste Robert, ọmọ Faransé tó ń ṣèwádìí ààbò fóònù, tí wọ́n mọ̀ sí Elliot Alderson lórí Twitter, tú àṣírí kan síta. Ó ní bí èèyàn bá ti ṣí ES, ẹ̀ẹ̀kan péré náà tó, áàpù náà yóò ṣí ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀ nínú fóònù, nọ́ńbà 59777. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí wífì kan náà lè gba ẹnu ọ̀nà yìí béèrè ohun tó wà nínú fóònù náà, yóò sì dá a lóhùn láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan: fọ́tò mélòó ló wà, fídíò wo, orin wo, áàpù wo. Ó lè gbé fáìlì lọ. Ó lè ṣí áàpù láti òkèèrè. Àléébù náà ti wọ ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé, CVE-2019-6447 ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀dà 4.1.9.7.4 àti gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló kàn. Lórí Play Store nìkan, ó ti lé ní ìgbà 100 mílíọ̀nù tí wọ́n ti gbé áàpù náà nígbà yẹn.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí agboolé kan ní Zanguéra. Ayálégbé pọ̀ níbẹ̀. Ẹnì kan ra mẹ́gà, ó tan wífì fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyókù, wọ́n jọ ń dáwó sí i. Ìyá ọlọ́jà wà lórí wífì yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sùn ní yàrá kejì náà wà lórí rẹ̀. Kò níláti jí fóònù ìyá náà, kò níláti mọ nọ́ńbà tó fi ń ṣí i, kò tilẹ̀ níláti dìde lórí ẹní, kí ìwé ilẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ES yóò ní wọ́n tún un ṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba áàpù lórí Play Store ni àtúnṣe ń wá bá. Ẹni tí ọ̀rẹ́ lo Bluetooth, tàbí Xender tó ń gbé fáìlì láti fóònù dé fóònù, láti fi ES ránṣẹ́ sí, ta ni yóò mú tirẹ̀ wá fún un? Ohun tí a fi pamọ́ sí i lọ́wọ́ ló pàtẹ fún gbogbo agboolé, ìyá tó ni ín nìkan ni kò mọ̀ pé ọjà ti ń lọ.

Ẹ̀sùn kẹta kò gùn. Ní oṣù kẹrin 2019, BuzzFeed News fi hàn pé áàpù mẹ́fà láti ọwọ́ DO Global, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan tó ti wà lábẹ́ Baidu tẹ́lẹ̀, ń tẹ ìpolówó níkọ̀kọ̀, kódà nígbà tí ẹni tó ni fóònù kò ṣí wọn. Google gbálẹ̀ lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà, ES tó bá ilé-iṣẹ́ náà tan sì kúrò lórí Play Store ní òpin oṣù yẹn gan-an. Kí n má parọ́ mọ́ olùjẹ́jọ́: ES kò sí lára mẹ́fà yẹn. Àbúrò rẹ̀ nídìí iṣẹ́, CM File Manager ti Cheetah Mobile, kò rí irú àwíjàre bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2018, ilé-iṣẹ́ Kochava kà á mọ́ àwọn áàpù mẹ́jọ tó ń ṣọ́ ìgbà tí o bá gbé áàpù tuntun, kí wọ́n lè sáré lọ sọ pé àwọn ló rán ọ, kí wọ́n sì gba owó ìrànṣẹ́, láti 50 sẹ́ǹtì sí dọ́là 3. Cheetah jiyàn. Ní oṣù kejì 2020, Google yọ àwọn áàpù rẹ̀ kúrò. Owó ọlọ́jà ni wọ́n jí. Bátìrì wa àti mẹ́gà wa ni wọ́n fi jí i.

(Ẹnì kan lè fẹ́ kí n fi Íńdíà kún un, tó fòfin de áàpù 59 ní oṣù kẹfà 2020, ES, Xender àti SHAREit sì wà lára wọn. Mi ò ní fi kún un. Ìjà ààlà ilẹ̀ pẹ̀lú Ṣáínà ló bí òfin yẹn, ìjà kì í sì í ṣe ẹ̀rí.)

Ẹ̀sùn kẹrin kan àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ kan náà láti fi jalè. Ní oṣù kọkànlá 2022, ilé-iṣẹ́ ààbò Bitdefender mú X-File Manager, tó ti lé ní ìgbà 10,000 tí wọ́n ti gbé e. Ó máa ń wo káàdì SIM: bí kò bá jẹ́ ti Ìlú Ọba tàbí Ítálì, á jókòó jẹ́ẹ́, á máa to fáìlì bí ọmọlúàbí. Bó bá jẹ́ tiwọn, á gbé Sharkbot wọlé, ìyẹn èyí tó ń jí owó ní báńkì. Àwọn ará wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń wá, kì í ṣe àwa ní Zanguéra. Kí nìdí tó fi yan aṣọ yìí? Nítorí pé kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí áàpù tó ń to fáìlì bá ní òun fẹ́ àṣẹ láti gbé áàpù mìíràn sórí fóònù. Ní oṣù keje 2023, Pradeo, ilé-iṣẹ́ Faransé, tún mú méjì tí ẹnì kan náà ṣe. Ọ̀kan ń jẹ́ File Manager, àwọn méjèèjì sì ti dé orí fóònù tó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí Play Store gbangba pé àwọn kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀, fọ́tò, ibi tí èèyàn wà ní wákàtí yẹn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Ṣáínà. Wọ́n tún fi àmì ara wọn pamọ́ kó má baà rọrùn láti yọ wọ́n. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi buwọ́ lu irọ́ náà.

Ẹ̀sùn karùn-ún: títa àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Tẹ́lẹ̀, Simple File Manager jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún, kò ní ìpolówó, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni kà á. Ní òpin 2023, Tibor Kaputa tó dá a sílẹ̀ tà á fún ZipoApps pẹ̀lú gbogbo áàpù tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà fìbínú kó ìwé iṣẹ́ náà jáde, wọ́n sọ tiwọn ní Fossify, ó sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn ní alẹ́ pẹ̀lú ẹni tó mọ̀, tó sì jí sọ́dọ̀ ọ̀gá tí kò mọ̀, ta ló bi í léèrè? Wọ́n ta ilé pẹ̀lú ẹni tó ń gbé inú rẹ̀.

Olùjẹ́jọ́ ní àwíjàre kan ṣoṣo: ọ̀fẹ́ ni, ohun ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi jẹun. Mo pe Christian Ghisler láti Switzerland lẹ́rìí. Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ ṣì jẹ́ Pocket PC tí à ń fi igi kékeré tẹ̀ ló ti ń fi Total Commander, áàpù fáìlì tirẹ̀, fún àwọn èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Android náà, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò lẹ́wà, mo gbà. Àwíjàre náà ti ṣubú.

Ẹ̀sùn tó gbẹ̀yìn kan àwa tí a ń pe ara wa ní adájọ́ áàpù. Nígbà tí à ń díwọ̀n wọn, kí la kà? A ka iye ohun tí wọ́n lè ṣe: èyí ń sọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà lórí wífì, èyí ń gbálẹ̀, èyí ń wọ ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá lè ṣe púpọ̀ jù la fún ní ipò kìíní. Sísọ̀rọ̀ lórí wífì yẹn gan-an ló bí ẹnu ọ̀nà 59777. A kò bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ: ta ló ni ọ́, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá pa ọ́ dé, kí lo fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá tí o kò ní í wọ̀ ṣe? Tógò ṣe òfin lórí dátà ara ẹni ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2019, nọ́ńbà 2019-014. Ní ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, òfin yẹn kò tíì wọlé. Ìyá ọlọ́jà gbé fóònù kalẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun gbé orin sí i. Ọmọkùnrin tó wà ní ìsọ̀ fa mẹ́mórì káàdì yọ nínú àpótí, ó gbé ES lé e lórí kí orin tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, torí pé òun ni ọ̀gá tirẹ̀ kọ́ ọ láti lò. Ẹ bi í léèrè ẹ̀dà tó wà lórí káàdì yẹn. ES ni, ni yóò fi dá yín lóhùn.