Àkísà Àgbà àti Alùpùpù Ọmọ Àkúrẹ́

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí a bí sí ilẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire, nítorí kò sí ìpàdé ẹbí, kò sí àjọ olóyè, kò sí ibi tí ọ̀dọ́ ti ń fi ọrọ̀ òjijì wọ́ àgbà nílẹ̀, tí a kì í ti í gbọ́ ọ, a sì ti pa á títí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ìbáwí fún ọmọ aláṣejù ni, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo òwe náà yóò rí i pé àkísà ni àwọn baba wa gbé sí ipò ọlá níbẹ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ tuntun sí ipò kejì. Ẹni tí ó bá rí owó lè wọ Ọjà Ọba ní òwúrọ̀, kí ó sì ti di aláṣọ ńlá kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n àkísà tí ènìyàn fi ara rẹ̀ wọ̀ gbó, kò sí oníṣòwò tí ó ń tà á, nítorí ọjọ́ orí, òógùn ojú àti ìrìnàjò ni a fi ń rà á.

Ó wá yẹ kí a béèrè ohun tí ó ń sọ aṣọ di àkísà. Wíwọ̀ nìkan ha ni bí? Rárá. Aṣọ tí a tì mọ́ inú àpótí, tí a ń ṣí wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí a lè fi ojú jẹ adùn rẹ̀, kò ní di àkísà láéláé. Kòkòrò àti eku ni yóò pín in láàárín ara wọn, ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá sì fẹ́ fi í ṣoge ni yóò bá ihò. Aṣọ tí a wọ̀ tí a kò fọ̀ náà kì í di àkísà, nítorí òógùn àti ẹrẹ̀ yóò ti jẹ ẹ́ rà kí ọjọ́ ogbó rẹ̀ tó pé. Àkísà tí òwe ń yìn ni èyí tí a wọ̀ tí a fọ̀, tí a tún wọ̀ tí a tún fọ̀, títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣá, tí òwú rẹ̀ fi fẹ́lẹ́, tí olówó rẹ̀ sì lè tọ́ka sí ojú kọ̀ọ̀kan tí ó ya kí ó sọ ìtàn rẹ̀. Wíwọ̀ àti fífọ̀ ni baba àti ìyá àkísà. Bí a bá yọ ọ̀kan nínú wọn, òwe náà kò dúró mọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní alùpùpù ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni ó mú mi gbé òwe yìí yẹ̀ wò. Ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹ́kùn, ìlú Déjì, tí ó ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, bí ènìyàn bá dúró ní àdúgbò Àrákàlẹ̀ tàbí ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì FUTA, tàbí bí ó bá rin nǹkan bí kìlómítà 50 lọ sí Oǹdó Ẹkímọ̀gún, ìlú Ọ̀ṣemàwé, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ àríyànjiyàn kan láàárín àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń retí èrò. Ọ̀kan yóò ní, "Máṣìn kì í ṣe ìyàwó òṣìngín tí à ń kùn lósùn, iṣẹ́ ni mo rà á fún. Bí mo bá fi wákàtí kan fọ̀ ọ́, èrò mélòó ni mo ti pàdánù?" Ẹni tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí yóò dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá tí ó wọ léèsì tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé orí àga tí ẹrẹ̀ bò yẹn ni wọ́n máa jókòó lé?" Àwọn kan yóò gbè sẹ́yìn èkíní, àwọn kan yóò gbè sẹ́yìn èkejì, èrò yóò sì dé, wọn yóò sì tú ká láìparí ọ̀rọ̀. Ní ti àwọn tí kì í fi tiwọn ṣiṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọ̀dọ́ tí wọ́n ra alùpùpù fún ara wọn, àríyànjiyàn wọn kì í jáde sí títì, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n ń bá ọkàn ara wọn jà ní àràárọ̀ tí òjò bá ṣú.

Kì í ṣe òní ni ìfẹ́ àti fọ ohun ìrìnsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ní ìgbà tí kòkó ń sọ àgbẹ̀ di ọlọ́rọ̀ ní ilẹ̀ Oǹdó àti Ìdànrè, kẹ̀kẹ́ Raleigh jẹ́ ohun tí a ń fi epo pa, tí a ń fi aṣọ nù ní alaalẹ́, tí tíṣà àti akọ̀wé ń gbé wọ inú ilé kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Ìwà yẹn ni alùpùpù bá nílẹ̀. Ní ọdún 1979 tí a dá ilé-iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà, alùpùpù ṣì jẹ́ ohun iyì tí olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì ń fi ara rẹ̀ gùn lọ sí ibi iṣẹ́. Ìnira tí ó tẹ̀lé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 ni ó yí ọ̀rọ̀ padà: ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tí ó ní alùpùpù sì rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ gba ẹnìkan tí yóò sanwó. Ohun iyì di ohun ìjẹ. Alùpùpù Suzuki àti Jincheng ń ṣiṣẹ́ títí tí Bajaj láti ilẹ̀ Íńdíà fi gba ojú ọ̀nà, wọ́n sì ń gbé ohun gbogbo, láti orí ọmọ ilé-ìwé títí dé orí àpò kòkó tí ó ti inú àbà jáde sí ojú títì.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ràn ohun rẹ̀ ní mímọ́, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ẹni tí ó rà á tí kò gùn ún. Irú wọn wà láàárín wa: ẹni tí kò jẹ́ bọ́ ọ̀rá tí ó bo àga àti táńkì láti ilé-iṣẹ́, tí ó ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún ní àárọ̀ Sátidé, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà nítorí pé ọ̀nà pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Kò mọ̀ pé irin kì í sinmi ní àlàáfíà. Epo bẹntiróòlù tí ó dúró pẹ́ nínú kabúrétọ̀ a máa ki bí oje igi, a sì dí àwọn ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá. Bátìrì a kú níbi tí ó wà. Omi a sẹ̀ sí inú táńkì tí kò kún, ìpẹtà a sì bẹ̀rẹ̀ láti inú wá, níbi tí aṣọ rírọ̀ kò lè dé. Taya a sán nítorí ojú kan tí ó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tí ó bá sì fi alùpùpù rẹ̀ há inú ilé kò rí ọ̀kẹ́rẹ́, kò sì rí alùpùpù lò ní ọjọ́ tí ìyàwó bá ń rọbí. Lílò ni a sì ṣe alùpùpù fún: alùpùpù Honda tí a ń pè ní Super Cub, tí a kọ́kọ́ tà ní ilẹ̀ Jàpáànù ní 1958, ti pé 100 mílíọ̀nù tí a ṣe ní ọdún 2017. Wọ́n ṣe é kí ẹni tí ń gbé oúnjẹ kiri lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo tù ú, kí ó sì fi ọwọ́ kejì di abọ́ mú. Ẹrù tí ó gbé ni ó sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ gbogbo ayé.

Wàyí o, kí ẹni tí ń fi ẹrẹ̀ yangàn má ṣe rò pé mo ti dá a láre. Òun ni ọ̀rọ̀ mi pọ̀ fún jù, nítorí òun ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, tí ó sì fi ìdajì òtítọ́ náà ń pa ara rẹ̀. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí ó wọ́pọ̀ ní Àkúrẹ́: kò ní omi tí ó ń mú un tutù bí ti ọkọ̀; àwọn ìyẹ́ irin pẹlẹbẹ tí ó yí i ká ni afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá, tí ó sì ń kó ooru lọ. Nígbà tí erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ wa bá di ẹrẹ̀ ní oṣù Keje, tí ó ta sí àárín àwọn ìyẹ́ wọ̀nyí, tí ó sì gan síbẹ̀, ooru kò rí ọ̀nà lọ mọ́. Ọ́ìlì a máa ṣàn bí omi, irin a máa ha irin, olówó rẹ̀ a sì máa bú ẹni tí ó tà á fún un. Ẹ wo ṣéènì pẹ̀lú. Ọ̀rá tí a fi pa ṣéènì kí ó lè yọ̀ ni ó ń mú iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọn, bí a kò bá sì nù ún kí a tó fi òmíràn pa á, iyanrìn àti ọ̀rá yóò parapọ̀ di ohun tí ń lọ eyín irin títí tí ṣéènì yóò fi dẹ̀, tí yóò sì fò ní ojú ọ̀nà Ìdànrè pẹ̀lú èrò lẹ́yìn.

Ewu tí ó tóbi jù lọ sì ni èyí tí ẹrẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀. Sípóòkù tí ó já, nọ́ọ̀tì tí ó tú, ọ́ìlì tí ó ń jò, wáyà bíréèkì tí ó ti ń ṣán, gbogbo wọn ni wọ́n máa ń fi ara hàn fún ọwọ́ tí ó ń nu irin, tí wọ́n sì máa ń fara pamọ́ fún ojú tí ó kàn kọjá. Ẹni tí ó ń fọ alùpùpù rẹ̀ ń bi í léèrè bí ó ti sùn ni. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó, ibi tí a sì ti ń wo ti alùpùpù ni ẹ̀bá garawa omi, kí a tó dé orí títì. Nítorí náà, n kò ka fífọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Apá kan gígun alùpùpù ni.

Fífọ̀ náà sì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá da omi tútù lu ẹ́ńjìnnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé lè mú kí irin rẹ̀ sán. Ẹni tí ó bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tu omi líle, tí wọ́n sì dojú omi náà kọ àárín taya, ti lé ọ̀rá kúrò nínú bọ́ọ̀lù irin tí taya ń fi ń yí. Ẹni tí ó bá sì ń fi ọ́ìlì pa taya kí ó lè máa dán, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń sọ ọ̀nà di yíyọ̀ fún ara rẹ̀. Bíréèkì tí omi wọ̀ kì í tètè mú, ó sì yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ kí a tó gbé èrò. Kí a má sì gbàgbé àwọn tí ń sọ alùpùpù kalẹ̀ sínú odò: Àlà tí ó la Àkúrẹ́ já ti ń ru ìdọ̀tí ìlú tó, kò yẹ kí a tún fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún un.

Àṣíborí náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, pa á láṣẹ pé kí ọlọ́kadà àti èrò máa dé àṣíborí, àwọn kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà dé igbá sórí kí wọ́n lè kọjá, ọ̀pọ̀ èrò sì kọ̀ láti dé èyí tí òógùn orí ẹlòmíràn ti gbẹ sí. N kò dá èrò lẹ́bi. Òfin dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fi ayọ̀ tọrùn bọ ohun tí ó ń rùn, ìdọ̀tí lásán sì ti sọ ohun tí ìbá gba ẹ̀mí là di ohun tí a ń fi kọ́ apá alùpùpù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí wọ akínyẹmí ara ni ti àwọn tí ń gun alùpùpù tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin tí a ń rí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni ó jẹ́ pé owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún ẹlòmíràn, bí òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, tàbí kí wọ́n máa san owó máṣìn náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tiwọn. Olówó máṣìn a jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, a ka owó, kò sì ní yí ojú wo ohun tí ó mú owó náà wá. Ọmọ tí kò jẹun ọ̀sán kí owó náà lè pé, ìgbà wo ni yóò wá garawa àti ọṣẹ? Aṣọ tí ẹnìkan ń wọ̀ tí ẹlòmíràn ni ín, ta ni yóò fọ̀ ọ́? Báyìí ni alùpùpù ṣe ń kú ní ọdún kejì, tí olówó ń sọ pé ọmọ náà kò ní ìtọ́jú, tí ọmọ náà sì ń sọ pé olówó kò láàánú. Ní èrò tèmi, ẹ̀bi olówó ni ó pọ̀ jù, nítorí òun ni ó lè fúnni ní àyè.

Oǹdó kò sì yẹ kí ó ṣe àìmọ ìtọ́jú irin, ìlú tí ó ń bọ Ògún lọ́dọọdún, tí alágbẹ̀dẹ, ọdẹ àti awakọ̀ ń jáde sí ìta gbangba, tí a ń so màrìwò mọ́ ọkọ̀ láti fi hàn pé irin ní olúwa rẹ̀. Irin tí a ń bọ̀wọ̀ fún ní ọjọ́ ọdún, ó yẹ kí a máa wo ojú rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ gbé alùpùpù fún ọmọ ọlọ́mọ gùn: ẹ fi owó ojúmọ́ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún un láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì bá a wo ṣéènì, bíréèkì àti taya ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ máa fi àkísà kan pamọ́ sí abẹ́ àga, kí ẹ sì lò ó kí èrò àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ sì bo tiyín mọ́ abẹ́ ọ̀rá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ bọ́ ọ̀rá náà, ẹ gbé e jáde ní ọ̀la, kí ẹ sì gùn ún dé Ìdànrè.